Ìrókò ń pa ẹnu abẹ ìfági, fánìṣì ò sì gbẹ lórí rẹ̀

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Pákó ìrókò ni mo fẹ́ fi ṣe orí tábìlì. Bí mo bá fá a, apá kan á dán, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á ya. Abẹ ìfági ṣàdédé kú láàárín pákó. Fánìṣì olóróró tí mo fi dán ẹ̀yìn rẹ̀ wò ṣì ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́. Kí ni ṣíṣe?

Ìdáhùn 1
Òkúta ló pa abẹ yín. Kalisíọ̀mù kábónéètì máa ń dì sínú ihò ara ìrókò, á sì le gan-an. Ó lè má hàn lójú pákó, àmọ́ igi tó yí i ká sábà máa ń dúdú ju ìyókù lọ. Ẹ fi ṣóńṣó ìṣó ha irú ibẹ̀ wò. Bó bá ń dún ṣákaṣàka, ẹ fi irin ìgbẹ́gi àlòkù gbẹ́ ẹ jáde kẹ́ ẹ tó gbé ìfági lé e. Lórí ẹ̀rọ ìlagi, ayùn eléyín kábáìdì, irin tó le gan-an, ni kẹ́ ẹ lò.

Ti yíya yẹn, ìṣàn inú ìrókò, ìyẹn bí okùn ara igi ṣe tò, lọ́ mọ́ra ni: ìpele kan kọjú síbí, èyí tó tẹ̀ lé e kọjú sọ́hùn-ún. Kò sí ìhà tẹ́ ẹ lè fá a sí tó máa tẹ́ gbogbo rẹ̀ lọ́rùn. Ẹ pọ́n abẹ kó mú ṣáṣá, ẹ máa fá a fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ sì sún irin tó bo abẹ mọ́ ẹnu rẹ̀, kó má jìnnà ju ìdajì mílímítà lọ. Lórí ẹ̀rọ ìfági, igun ìgé 15° ló bá a mu. Èyí tó bá ṣì ya, ẹ fi irin pẹlẹbẹ ìhagi parí ẹ̀.

Ìdáhùn 2
Ẹ má kun òmíràn lé fánìṣì tó ń lẹ̀ o, ti abẹ́ ò ní torí ìyẹn gbẹ. Èròjà kan wà nínú ìrókò, chlorophorin, òun ni kì í jẹ́ kí òróró dì. Ẹ ha á kúrò, ẹ fi aṣọ funfun tẹ́ ẹ rẹ sínú acetone, omi tó ń yọ́ òróró, nu ojú pákó. Bó bá ti gbẹ, ẹ kun shellac (fánìṣì tí wọ́n ń fi sípíríìtì pò) tí kò ní ìda nínú, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ tó wá kun fánìṣì. Tó bá kan lílẹ̀ ẹ̀gbẹ́ pákó pọ̀, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fá a náà ni kẹ́ ẹ fi àtè sí i.

Ìdáhùn 3
Kò sẹ́ni tó sọ ti eruku rẹ̀. A máa ta imú àti ojú, a máa jẹ́ kí ara yún, ó sì lè fa ikọ́ fée. Ẹ lo ìbòmú FFP2, irú èyí tó ń sẹ́ eruku kíkúnná, ó kéré tán.

Ẹ gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó funfun dànù, kòkòrò á jẹ ẹ́. Bí tábìlì náà bá máa wà níta, skúrù idẹ tàbí irin tí kì í dípata ni kẹ́ ẹ fi dè é. Irin lásán lè fi àbàwọ́n dúdú sí i bí omi bá kàn án. Àwọ̀ ìyeyè tẹ́ ẹ ń wò yẹn á di búráùn fúnra rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀, ẹ má wulẹ̀ kun àwọ̀ sí i.