Ìyá wa ń bẹ̀rù ibi tó há, MRI sì ti délẹ̀

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Láti kékeré ni ìyá wa kì í ti í fẹ́ wọ aṣọ ọlọ́rùn há. Nígbà tó yá, ó kan yàrá tí kò ní fèrèsé, ó kan lífítì. Ní báyìí, ẹ̀yìn Máíkírà tí èèyàn mẹ́rin ń há ara wọn mọ́ ti di èèwọ̀. Gbogbo ìgbà tí ìyá wa bá sá fún irú ibi bẹ́ẹ̀ ni ara máa ń tù wọ́n, ohun tó sì ń mú kí ẹ̀rù náà máa pọ̀ sí i nìyẹn.

Dókítà ní kí wọ́n lọ ya MRI ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn n'Íbàdàn, ìyẹn àwòrán inú ara tí èèyàn máa ń dùbúlẹ̀ sínú ihò ẹ̀rọ kan kí wọ́n tó lè yà á. Ihò ẹ̀rọ tó wọ́pọ̀ fẹ̀ tó 60 sẹ̀ǹtímítà, ariwo ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, wọn ò sì gbọdọ̀ mira fún bí ìṣẹ́jú 20 sí 45.

A ti gbìyànjú aṣọ bíbò lójú, àti mímí síta kó pẹ́ ju mímí sínú lọ. Èyí tó ṣiṣẹ́ jù ni dídùbúlẹ̀ sábẹ́ tábìlì tí a ta ìró bò, kí wọ́n má jáde títí àyà á fi rọlẹ̀. Bí wọ́n bá jáde nígbà tí àyà ṣì ń já, ọjọ́ kejì á tún le sí i. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí wọ́n ṣọkàn akin.) Ẹ̀rọ tí ihò rẹ̀ fẹ̀ tó 70 sẹ̀ǹtímítà wà, oògùn ìtura náà wà, àmọ́ wọ́n máa ń hanrun gan-an lójú oorun, oògùn yẹn sì lè dí irú wọn ní èémí.

Ṣé ká sún àyẹ̀wò yìí síwájú kí ìdánrawò náà lè mọ́ wọn lára, àbí ká bá dókítà sọ ti oògùn? Ẹ má bínú pé ó gùn. Ẹ ṣeun, mo dúpẹ́ sílẹ̀.