Ta ló ti fi kẹ̀kẹ́ wo Copenhagen rí?

Ọmọ Òmù-Àrán: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Copenhagen, olú-ìlú Denmark, ó ní kẹ̀kẹ́ la ó fi wo ìlú. Láti ìgbà tí mo ti ń gun ti bàbá mi lọ sóko, n kò gun kẹ̀kẹ́ mọ́. Ẹ̀rù ọkọ̀ ń bà mí.

Bàbá Ìbejì, Ọ̀fà: Àbúrò, má fòyà. Mo gbé ibẹ̀ ọdún méjì. Kẹ̀kẹ́ ní ọ̀nà tirẹ̀, ó ga díẹ̀ ju títì ọkọ̀ lọ. Máa rìn lápá ọ̀tún. Ẹni tó ń sáré á gba òsì kọjá. Bí o bá fẹ́ dúró, gbé ọwọ́ sókè. Yíyà sósì ló le jù: má já gba àárín oríta o! Lọ tààrà dé òdìkejì, dúró, kí o tó yà. Ìyá àgbà kan pariwo mọ́ mi nítorí ẹ̀, ó sì tọ́.

Àdùkẹ́ Tánkẹ̀: Ẹ tètè jí lọ sí Nyhavn, èbúté àtijọ́ inú ìlú, kí èrò tó kún. Ẹ gba orí Cykelslangen náà, afárá aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n ṣí ní 2014, kẹ̀kẹ́ nìkan ló ń gbà á. Mo gba orí ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan!

Ọmọ Òmù-Àrán: Ẹ ṣeun gan-an. Bó bá rẹ̀ mí ńkọ́?

Bàbá Ìbejì, Ọ̀fà: Gbé e wọ ọkọ̀ ojú irin S-tog. Wọn kì í gbowó kẹ̀kẹ́.