Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ibo ni kí n fi ike pamọ́ sí l'Ákùúrẹ́?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo fẹ́ fi eré geocaching kọ́ àwọn ọmọ àbúrò mi ní ìtàn ìlú wa nígbà ọlidé. Amẹ́ríkà ni eré yìí ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2000: ẹnì kan á fi ike tí omi ò lè wọ̀ pamọ́, ìwé kékeré á wà nínú rẹ̀, GPS, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń júwe ibi tí nǹkan wà, lẹ máa fi wá a. Ẹni tó bá rí i á kọ orúkọ sínú ìwé, á sì dá a padà síbi tó ti mú un.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyí: ike dídì lábẹ́ òkúta nílùú wa! Ta ló máa rí i tí kò ní pè é ní oògùn? Ààfin Déjì ni mo kọ́kọ́ rò, àmọ́ ilé ọba kì í ṣe ibi à ń fi nǹkan pamọ́ sí láìgbàṣẹ. Òfin eré náà gan-an ní ká gbàṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀. Òkè Ìdànrè ńkọ́, níbi tí ààfin àtijọ́ wà? Ihò Eléérú lẹ́bàá Ìsàrun ló wù mí jù, níbi tí wọ́n ti wú agbárí èèyàn ayé àtijọ́ jáde ní 1965, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ọmọ kankan fọwọ́ kan ilẹ̀ ibẹ̀ rárá.

Irú kan wà tí kò nílò ike: ìbéèrè tí ẹni tó bá débẹ̀ nìkan lè dáhùn. Ṣé ìyẹn ni kí n mú? Ta sì ni kí n lọ bá fún àṣẹ ní Ìdànrè? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.