Àtẹ̀jáde lẹ́tà Voltaire wo ni kí n dì mú?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Àwọn lẹ́tà Voltaire, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Faransé nì, lórí ẹjọ́ Jean Calas (oníṣòwò ará Toulouse tí wọ́n dájọ́ ikú fún láìtọ́ ní 1762) ni mo fi ń ṣe ìwádìí oyè kejì mi. Àtẹ̀jáde tí Moland ṣàkójọ (1877–1885) tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ń lò jẹ́jẹ́ mi, àfi bí ọ̀gá mi ṣe ní èyí tí Besterman ṣàkójọ lẹ́yìn rẹ̀ ni kí n lò, èyí tí nọ́ńbà lẹ́tà rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú D. Òótọ́ ni, lẹ́tà inú rẹ̀ pọ̀ ju ti Moland lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n ìdìpọ̀ 51 ni, ilé ìkàwé wa kò sì ní ẹyọ kan! Ṣé kí n fa ọ̀rọ̀ yọ nínú Moland, kí n wá kọ nọ́ńbà D sí i? Àbí èrú nìyẹn? Ẹni tó bá ti ṣe irú ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.