Èjìká ọ̀tún mi kò jẹ́ kí n ti irin sókè orí mọ́

Ọmọ Owé
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Bí mo bá ti ń ti irin láti èjìká sókè orí, nǹkan kan a máa gún mi níwájú èjìká ọ̀tún, apá a sì kọ̀ láti nà tán. Ẹni tó ni jíìmù tí mò ń lọ ní Kabba kò ní àwo irin tó pé, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi owó kún owó oṣù, bí mo bá sì bi í léèrè, yóò ní ọkùnrin kì í ké irora. Òróró wo ni mo lè fi máa pa á?

Ọmọ Ìsánlú
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kò sọ bóyá iwájú ojú ni ọ̀pá ń gbà tàbí ẹ̀yìn ọrùn. Ẹ padà sí ọ̀pá lásán, kílò 20. Ẹ dì í mú kó fi díẹ̀ fẹ̀ ju èjìká lọ, kí ìgúnpá ṣíwájú ọ̀pá díẹ̀, kí èjìká sì bá ọwọ́ gòkè nígbà tí irin bá dé òkè. Ẹni tó ń fa èjìká wálẹ̀ tipátipá ń dí eegun pẹlẹbẹ ẹ̀yìn lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ eegun yẹn ló ń ṣe nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìrìn apá sókè.

Bàbá Mọ̀pà
Ẹ̀yìn ọrùn ni àwa ń gbé e sí láyé ìgbà tiwa, kò sì ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ṣebí wọ́n ń tì í ní Òlíḿpíìkì títí di Munich, 1972?

Ọmọ Ìsánlú
Bàbá, ẹ má bínú, iwájú ni wọ́n ti ń tì í níbẹ̀. Wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nítorí pé àwọn eléré ń tẹ̀ sẹ́yìn débi pé àwọn adájọ́ kò mọ èyí tí wọn yóò gbà mọ́.

Ọmọ Owé
Ẹ̀yìn ọrùn ni mo fẹ́ràn, n kò sì lè máa gbé ọ̀pá lásán níṣojú àwọn ọmọdé. Kì í tilẹ̀ ṣe irin ló fà á. Èjìká yìí yẹ̀ nígbà tí mo ṣubú lórí ọ̀kadà lọ́nà Obajana; bàbá kan tó ń to eegun dá a padà. Ó tún yẹ̀ lẹ́yìn náà, èmi fúnra mi ni mo sì dá a padà. Ìka mi a máa kú nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í dí mi lọ́wọ́.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbẹ̀
Àbúrò, ohun tó yẹ kó ṣáájú lo fi sẹ́yìn! Bí apá bá gbé sókè sí ẹ̀gbẹ́ tí ó sì yí sẹ́yìn, ibẹ̀ gan-an ni èjìká tó ti yẹ̀ rí ti ń tún yẹ̀, ipò yẹn náà sì ni gbígbé irin sẹ́yìn ọrùn ń fi apá sí. Ìka tó ń kú lè jẹ́ pé iṣan ìmọ̀lára ti fara gbá. Dáwọ́ dúró, lọ rí dókítà eegun ní Lọ́kọ́ja, kí wọ́n ya fọ́tò èjìká, kí onímọ̀ físíò, ẹni tó ń fi ìdárayá tọ́jú oríkèé àti iṣan, sì yẹ̀ ọ́ wò. Bó bá tún yẹ̀, má ṣe dá a padà fúnra rẹ.

Bàbá Mọ̀pà
Àwọn tó ń to eegun náà ló to apá ọmọ àbúrò mi, ó sì san.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbẹ̀
Bàbá, apá tó kán ni tirẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni. Oríkèé tó ń yẹ̀ léraléra ni èyí.

Ọmọ Owé
Mo gbọ́. Títí n ó fi rí dókítà, ṣé mo lè máa gbé ọ̀pá sẹ́yìn ọrùn fi lóṣòó, kí ẹsẹ̀ mi má baà rọ?

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbẹ̀
Rárá. Ipò kan náà ni apá yóò wà. Fi ẹ̀rọ tí a ń fi ẹsẹ̀ tì ṣe é, bí wọ́n bá ní in níbẹ̀.