Kí ló dé tí àwọn sójà fi ń jókòó sórí ọkọ̀ onírin dípò inú rẹ̀?

Ọmọ Ìjámọ̀ (Iléṣà):

Mo kí ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, èmi àti ọ̀rẹ́ bàbá mi kan jókòó sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tí kò jìnnà sí ọjà Atakúnmọ́sà, a ń wo ìròyìn. Wọ́n fi àwọn ọmọ ogun wa hàn ní apá Àríwá-Ìlà-Oòrùn, pẹ̀lú ọkọ̀ onírin kan tó tóbi tó yàrá, ṣùgbọ́n bí ẹni mẹ́jọ nínú wọn ló jókòó sórí òrùlé rẹ̀, tí ẹsẹ̀ wọn ń mì dirodiro. Bàbá náà ní ìwà àìbìkítà ni, pé ẹni tí wọ́n ra ilé irin fún tó wá lọ jókòó sórí òrùlé kò yàtọ̀ sí ẹni tó gbé agbòjò lọ́wọ́ tí òjò sì ń pa. Èmi kò gbà, nítorí mo ti rí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ láti ogun Vietnam àti láti Afghanistan, ó sì ṣòro kí gbogbo ọmọ ogun ayé jọ ya aláìbìkítà.

A kò tún fẹnu kò lórí orúkọ ọkọ̀ náà. Bàbá ń pè é ní táǹkì. Onígbàjámọ̀ ní APC ni, ó sì yára fi kún un pé kì í ṣe ti ẹgbẹ́ òṣèlú. Ẹ jọ̀wọ́, ta ló jàre nínú wa?

Tíṣà Ìtàn (Ilé-Ifẹ̀):

Ẹ kú ìbéèrè. Ti orúkọ kò gba àlàyé púpọ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fi í ṣáájú. Ìjà ni iṣẹ́ táǹkì: àgbá ńlá ló gbé, kò sì sí ẹlòmíràn nínú rẹ̀ ju àwọn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ń lò ó. Ènìyàn ni ẹrù APC ní tirẹ̀. Ó ń gbé ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ dé ìtòsí ojú ìjà kí ọta ìbọn má baà pa wọ́n lójú ọ̀nà. Onígbàjámọ̀ yín ló jàre.

Ní ti ìjókòó sórí òrùlé, ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni inú irú ọkọ̀ yìí kò ti ṣeé gbé. Èyí àkọ́kọ́ tí wọ́n dìídì ṣe láti kó ọmọ ogun ni Mark IX ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ń parí lọ ní ọdún 1918. Ènìyàn 30 ni wọ́n ṣírò pé yóò gbà, ṣùgbọ́n inú kan náà ni àwọn ènìyàn àti ẹ́ńjìnnì jọ wà, tí ooru àti èéfín yóò ti bá wọn jà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀tá rárá. Ogun parí kó tó rí iṣẹ́ ṣe. 34 péré ni wọ́n ṣe. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì dé, àwọn ará Jámánì ní Sd.Kfz. 251, àwọn ará Amẹ́ríkà ní M3, tí táyà wà níwájú wọn, tí ṣéènì bíi ti katapílà sì wà lẹ́yìn. Àwọn méjèèjì kò ní òrùlé. Ẹ̀gbẹ́ wọn lè dá ọta ìbọn dúró, ṣùgbọ́n bí ọta àgbá bá bú gbàmù lókè, àárín orí ẹni inú rẹ̀ ló ń bọ́ sí.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn náà ni ohun tí Ọ̀gágun Guy Simonds ti Kánádà ṣe ní Normandy, ní ilẹ̀ Faransé, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1944. Ó rí i pé bí táǹkì bá tilẹ̀ la ìlà ọ̀tá kọjá, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ tó yẹ kí wọ́n tẹ̀ lé e ti kú sójú ọ̀nà. Àwọn ọkọ̀ kan wà nígbà náà tó gbé àgbá sára, tí wọ́n ń pè ní Priest, èyí tó túmọ̀ sí àlùfáà. Ó ní kí wọ́n yọ àgbá wọn, kí wọ́n jó irin dí ihò tó ṣẹ́ kù, kí wọ́n sì kó ènìyàn sí i. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ti ṣe ju 70 lọ. Kangaroo ni orúkọ tó mọ́ wọn lára, ṣùgbọ́n àwọn aláwàdà inú ọmọ ogun ní àlùfáà tí wọ́n bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn rẹ̀ ni. Ní òru ọjọ́ 7 mọ́jú ọjọ́ 8 oṣù náà, wọ́n gbé àwọn ọmọ ogun gba àárín àwọn ará Jámánì kọjá ní gúúsù ìlú Caen. Àléébù kan ló kù: kò ní ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ní láti fo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níṣojú ọ̀tá.

M113 ti Amẹ́ríkà, tó dé ní ọdún 1960, ní òrùlé ní tirẹ̀, ó sì ní ilẹ̀kùn ńlá lẹ́yìn tó ń wó sílẹ̀ bí afárá. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, kí ọkọ̀ òfurufú lè gbé e, kí òun fúnra rẹ̀ sì lè lúwẹ̀ẹ́ kọjá odò. Ní ìjà Ap Bac ní Vietnam, ní ọjọ́ 2 oṣù Kìíní ọdún 1963, àwọn tó yọrí síta láti yìnbọn orí rẹ̀ rí màbo: ó kéré tán 14 ló kú nínú wọn, torí kò sí ohunkóhun tó bò wọ́n. Ẹ óò rò pé lẹ́yìn èyí gbogbo ènìyàn á sá wọ inú. Òdìkejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Àwọn ọ̀tá ń ri bọ́ǹbù mọ́ ojú ọ̀nà, abẹ́ ọkọ̀ náà sì tẹ́ pẹrẹsẹ, tó fi jẹ́ pé gbogbo agbára bọ́ǹbù ló ń kan ẹni tó wà nínú. Bọ́ǹbù lè ju ẹni tó wà lókè sínú igbó kí ó kán lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n yóò yè. Bí wọ́n ṣe di yanrìn sínú àpò tẹ́ sílẹ̀ ọkọ̀ nìyẹn, tí àwọn fúnra wọn sì gun òkè.

Sójà Fẹ̀yìntì (Iléṣà):

Ọmọ mi, Tíṣà ti sọ èyí tó wà nínú ìwé, ó sì sọ ọ́ dáadáa. Mo wa irú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí fún ọdún mélòó kan kí n tó fẹ̀yìn tì wálé, jẹ́ kí n sọ èyí tí ara mọ̀. Bí oòrùn ọ̀sán apá Àríwá bá pa irin náà fún wákàtí méjì, o kò lè fi ọwọ́ lásán kàn án, ìwọ sì rèé nínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹni mẹ́sàn-án, ẹrù, ọta àti òórùn epo. O kò ríran. Gíláàsì tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni o fi ń wo ayé, ariwo ẹ́ńjìnnì kò sì ní jẹ́ kí o gbọ́ ibi tí ìbọn ti ń dún. Ẹni tó jókòó lókè ń rí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́, ó ń rí igbó tó mì nígbà tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́.

Ṣùgbọ́n má ṣe lọ sọ fún ọ̀rẹ́ bàbá rẹ pé orí òrùlé dára. Ẹnì kan ṣoṣo tó fi ara pamọ́ pẹ̀lú ìbọn arọ̀jò ọta lè gbá gbogbo àwọn tó wà lókè dànù lẹ́ẹ̀kan náà. Ikú méjì ló wà níwájú rẹ, o sì ń yan èyí tí o rò pé ó jìnnà díẹ̀. Bí a bá wọ ọ̀nà tí bọ́ǹbù abẹ́lẹ̀ wọ́pọ̀ sí, a ó gun òkè. Bí a bá wọ ìlú tí fèrèsé pọ̀ sí, ọ̀gá á ní kí gbogbo wa wọlé.

Ọmọ Ìjámọ̀ (Iléṣà):

Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ̀mí yín á gùn. Ìbéèrè kan ṣẹ́ kù. Bí inú ọkọ̀ kò bá ríran tí kò sì lè jà, kí ló dé tí wọn kò gbé àgbá lé e, kí ó lè jà bíi táǹkì, kí ó sì máa gbé ènìyàn pẹ̀lú?

Tíṣà Ìtàn (Ilé-Ifẹ̀):

Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Jámánì ti gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú HS.30, tó gbé àgbá kékeré 20 mm, ṣùgbọ́n BMP-1 ti Soviet ló mú gbogbo ayé tají. Wọ́n gbà á sínú iṣẹ́ ogun ní ọdún 1966, wọ́n sì fi í yangàn ní Moscow ní oṣù Kọkànlá ọdún 1967. Àgbá 73 mm wà lórí rẹ̀, rọ́kẹ́ẹ̀tì Malyutka tó ń fọ́ táǹkì wà lókè àgbá náà, ihò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí àwọn ọmọ ogun á ti máa yìnbọn láì jáde. Ìdí rẹ̀ ni pé ogun bọ́ǹbù átọ́míìkì ni wọ́n ń retí ní Yúróòpù, wọ́n sì fẹ́ ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sínú afẹ́fẹ́ olóró.

Ẹ wá wo bí ìjókòó inú rẹ̀ ti rí. Ènìyàn mẹ́jọ ló kẹ̀yìn síra wọn, táńkì epo wà láàárín wọn, ilẹ̀kùn méjèèjì tó wà lẹ́yìn náà sì tún jẹ́ táńkì epo. Bẹ́ẹ̀ ni, ilẹ̀kùn tí wọ́n fẹ́ gbà sá jáde ni mo ń sọ. Íjíbítì àti Síríà lò ó ní ogun ọdún 1973. Nígbà tí àwọn Soviet fúnra wọn gbé e dé Afghanistan, ọ̀tá wà lórí òkè, àgbá 73 mm náà kò sì lè wòkè tó. BMP-2, tó ní àgbá 30 mm tó ń wòkè dáadáa, ló gba ipò rẹ̀. Àwọn bọ́ǹbù ojú ọ̀nà kò yí padà, nítorí náà orí òrùlé ni wọ́n bá dé ibẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe kí ènìyàn má baà jáde nínú rẹ̀ ni gbogbo wọn sá jáde nínú rẹ̀.

Àgbá tún ń gba àyè. M113 ń gbé ọmọ ogun 11 lẹ́yìn àwọn méjì tó ń darí rẹ̀. Bradley ti Amẹ́ríkà, tó dé ní ọdún 1981 pẹ̀lú àgbá 25 mm àti rọ́kẹ́ẹ̀tì TOW, kò gbé ju mẹ́fà tàbí méje lọ. Àwọn ará Ísírẹ́lì ló gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n kó táǹkì T-55 tí wọ́n gbà lójú ogun, wọ́n yọ àgbá rẹ̀, wọ́n pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì kí àyè ilẹ̀kùn lè wà lẹ́yìn, wọ́n sì pè é ní Achzarit. Ọgbọ́n Simonds ni, àmọ́ èyí ní ilẹ̀kùn.

Ajórinmọ́rin (Ilé-Ifẹ̀):

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí èmi tí mo ń jó irin jẹun sọ̀rọ̀ nípa abẹ́ ọkọ̀, nítorí ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Òrùlé ilé wa kì í tẹ́ pẹrẹsẹ. A ń ṣe é ní ṣóńṣó kí òjò lè pín sí ọ̀tún àti òsì. Àwọn ará Rhodesia, tó di Zimbabwe lónìí, àti àwọn ará South Africa dojú irú òrùlé bẹ́ẹ̀ dé sábẹ́ ọkọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1970 sí 1980, tí ṣóńṣó rẹ̀ fi wo ilẹ̀, kí agbára bọ́ǹbù lè gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì jáde. Casspir ni èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù. Wọ́n tún gbé e ga sókè lórí táyà, torí bí bọ́ǹbù bá ti jìnnà sí irin tó ni agbára rẹ̀ ń dín kù. Amẹ́ríkà kò ka irú rẹ̀ sí púpọ̀ títí bọ́ǹbù ojú ọ̀nà ilẹ̀ Ìráàkì fi mú wọn ṣe é yanturu láti ọdún 2007. Ní ìtòsí wa níbí, ilé iṣẹ́ Proforce ní Òde-Rẹ́mọ ń ṣe ọ̀kan tí wọ́n pè ní Àrá. Gíga yẹn ní ewu tirẹ̀, ọkọ̀ gíga kì í pẹ́ ṣubú ní kọ́nà.

Bí ẹ bá dé ilé àkójọ ohun ogun ní Umuahia, ẹ wo àwọn ọkọ̀ tí àwọn Biafra fi irin bò, tí wọ́n pè ní Red Devil. Irin tí ọwọ́ bà ni wọ́n lò, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yóò sì mọyì rẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan bí àpótí ni gbogbo wọn.

Sójà Fẹ̀yìntì (Iléṣà):

Òótọ́ ni Ajórinmọ́rin sọ, ó ku ìjókòó tí kò dárúkọ. Nínú àwọn tuntun tí abẹ́ wọn ṣe ṣóńṣó yẹn, wọn kì í kan àga mọ́lẹ̀. Ara ògiri tàbí òkè ni wọ́n ti ń so ó rọ̀, pẹ̀lú irin kékeré tí wàá gbé ẹsẹ̀ lé, nítorí bí bọ́ǹbù bá ta ilẹ̀ ọkọ̀ sókè, egungun ẹsẹ̀ tó bá kàn án á fọ́ wẹ́wẹ́. Àwọn ọmọ tuntun kì í gbọ́. Wọ́n á na ẹsẹ̀ sílẹ̀ gbalaja kí ara lè tù wọ́n. Ọ̀gá wa kan a máa mú igi kan dání wọ ọkọ̀, bí ó bá sì ti rí bàtà nílẹ̀, orí bàtà náà ló ń lù.