Pẹ̀lẹ́ ni mo wí, má bínú ni wọ́n gbọ́

Ìyá Ìbejì, London: Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ gbà mí o! Bàbá kan yọ̀ ṣubú nílé ìtọ́jú arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo sáré dé ọ̀dọ̀ wọn, "sorry sir, sorry sir" ló ń jáde lẹ́nu mi. Ọ̀gá wá kọ ọ́ sínú ìwé ìjàǹbá pé mo tọrọ àforíjì. Mi ò fọwọ́ kan bàbá yìí rárá! Ṣé wọn ò ní lé mi?

Bọ̀dá Ẹ̀búté Mẹ́ta, Houston: Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. Ọ̀rọ̀ yẹn ti gbowó lọ́wọ́ mi rí lórí mọ́tò. Àwa ní pẹ̀lẹ́, a ní má bínú. Gẹ̀ẹ́sì kó méjèèjì sínú "sorry" kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ pẹ̀lẹ́ tiwa ló sún mọ́ orísun "sorry" jù: sārig ni ní Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ẹni tí nǹkan ń dùn. Ẹ má jẹ́ kí "sorry" dá dúró mọ́. Ẹ so ohun tó ṣẹlẹ̀ mọ́ ọn: "I'm sorry you fell." Bó bá dá dúró, ẹni tó gbọ́ ọ ló máa parí rẹ̀ fún yín.

Àǹtí Súrùlérè, Manchester: Bọ̀dá, ẹ má dẹ́rù ba Ìyá Ìbejì. Òfin ọdún 2006 ní England àti Wales ti là á sílẹ̀ pé àforíjì nìkan ò sọ èèyàn di ẹlẹ́bi. Ìwé ni kẹ́ ẹ mú lágbára. Ẹ kọ tiyín lónìí: aago tí bàbá ṣubú, ibi tẹ́ ẹ dúró sí, ẹni tó kọ́kọ́ rí wọn, ṣé ilẹ̀ tutù, bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ wọn, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ gan-an. Ẹ buwọ́ lù ú, ẹ ní kí wọ́n fi mọ́ ti ọ̀gá. Ẹ má fi fóònù ya ìwé ìjàǹbá o! Orúkọ bàbá wà níbẹ̀, ìyẹn ló lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín.

Bọ̀dá Ẹ̀búté Mẹ́ta, Houston: Àǹtí, òfin yàtọ̀ láti ìlú sí ìlú. Ní Texas, wọn kì í fi ọ̀rọ̀ àánú mú èèyàn ní kóòtù, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi "it was my fault" kún un, ìyẹn á wọlé. Bí mọ́tò bá kọlu mọ́tò, "Are you hurt?" ni kẹ́ ẹ sọ.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, Toronto: Ẹ kó wá sọ́dọ̀ wa! Òfin 2009 ti Ontario bo "my fault" náà nínú ẹjọ́ owó gbà-má-bínú. Kódà, ẹni tẹ́ ẹ tẹ̀ lẹ́sẹ̀ ló máa ní "sorry".

Àǹtí Súrùlérè, Manchester: Ní Ìdúmọ̀tà ńkọ́? "Ṣé ojú ẹ fọ́ ni?" lẹ máa gbọ́.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, Toronto: Ẹ má bú wa o. Ará Ọ̀yìngbò ló ń sọ bẹ́ẹ̀!

Àǹtí Súrùlérè, Manchester: Irọ́ ni. Ìyá Ìbejì, ẹ rántí: "sorry?" tí ohùn rẹ̀ gòkè, "kí lẹ wí?" ni. Ẹ tún ọ̀rọ̀ yín sọ, ẹ má dáhùn pé "no problem".

Alhaji Yábàá, ti padà sílé: Mo kọsẹ̀ létí gọ́tà ní Tẹ́júoṣó láàárọ̀. Oníbúrẹ́dì, oníkẹ̀kẹ́ Márúwá, ọmọ iléèwé, gbogbo wọn ló ní pẹ̀lẹ́ kí n tó nàró.

Bọ̀dá Ẹ̀búté Mẹ́ta, Houston: Háà, Èkó! Ṣé ẹlẹ́wà àgànyìn ṣì ń gba ibẹ̀ kọjá?

Ìyá Ìbejì, London: Mo ti ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ṣé kí n lọ síbi iṣẹ́ lọ́la?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, Toronto: Alhaji, ẹ ya fọ́tò ẹ̀wà yẹn sí wa.